Èèpo Líle Lórí Ẹrẹ̀: Àkọsílẹ̀ Ọ̀nà Yangí Kan ní Òṣogbo

Ọ̀nà náà gùn ní 420 mítà, ó fẹ̀ ní mítà 6. Ẹ̀gbẹ́ títì ọlọ́dà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ títí dé etí ìṣàn kékeré kan tó ń lọ bá odò Ọ̀ṣun. Ẹgbẹ́ àwọn onílé ló dáwó jọ ṣe é lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ra erùpẹ̀ pupa lọ́wọ́ onítípà, wọ́n háyà gíréda àti rólà, wọ́n sì ra 200 àpò sìmẹ́ǹtì lé e. Nígbà tí rólà kúrò lórí rẹ̀, ilẹ̀ náà le koko. Bí ènìyàn bá fi gìgísẹ̀ bàtà gbá a, ó ń dún. Òjò oṣù Kẹfà kò tíì tán tí ojú rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo àkàrà, tí táyà ń rì sínú ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

A kò dárúkọ àdúgbò, nítorí ọ̀nà tó jọ ọ́ pọ̀ ní Òṣogbo. Àpẹẹrẹ la fi ṣe, kí ìṣirò iṣẹ́ náà lè hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. A yan àwọn òǹkà rẹ̀ kí wọ́n bá irú ilẹ̀ tó wà lágbègbè yìí mu.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu alága ẹgbẹ́ ni pé, “Ẹnjiníà, ẹ ṣáà sọ iye àpò tó kù, a ó rà á.” Gbogbo wọn gbà pé sìmẹ́ǹtì ni kò tó. Bí wọ́n bá ra 200 àpò mìíràn, tí wọ́n lò ó bí wọ́n ṣe lo ti àkọ́kọ́, ibi tí ti àkọ́kọ́ lọ ni yóò bá a lọ.

Ohun tí ògiri kòtò fi hàn

Kòtò mẹ́ta la gbẹ́: ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀ létí ìṣàn. Kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, mítà kan sísàlẹ̀. Èyí tó wà láàárín ló sọ̀rọ̀ jù.

Sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 tó wà lókè ògiri rẹ̀ le, ó sì ṣe eérú-eérú díẹ̀. Lábẹ́ ibẹ̀, àtàǹpàkò wọ inú erùpẹ̀ láìfi agbára tì í. A fọ ojú ògiri náà mọ́, a sì fi omi phenolphthalein wọ́n ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi yìí kò ní àwọ̀ nínú ìgò, àmọ́ níbi tí agbára sìmẹ́ǹtì tàbí láìmù (ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí a sun) bá ṣì wà, ó máa ń di elésè àlùkò lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ náà jáde lókè, ó sì dúró ní sẹ̀ǹtímítà 4 àbọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi rúlà fa ìlà. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kò sí nǹkan kan. Erùpẹ̀ kàn tutù ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpò 200 tó jẹ́ kílò 50 lọ́kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10,000 kílò. Ojú ọ̀nà náà jẹ́ mítà onígun 2,520. Nǹkan bíi kílò 4 ló bọ́ sórí mítà onígun kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ṣe ni pé wọ́n po sìmẹ́ǹtì pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 15. Ká ní òótọ́ ni, 1.5% péré ni ìbá jẹ́, kò sì ní mú erùpẹ̀ amọ̀ le. Ṣùgbọ́n ṣọ́bìrì àti rékì ni wọ́n fi pò ó, irinṣẹ́ wọ̀nyí kò sì jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Nítorí náà, sẹ̀ǹtímítà 5 òkè ní nǹkan bíi 4.5%, èyí tó ju bó ṣe yẹ lọ fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 10 tó kù kò sì rí ẹyọ kan. Èèpo líle tó tín-ín-rín lórí ilẹ̀ rírọ̀ kò lè gbé táyà típà. Ìpele yẹn á tẹ̀, á fọ́, omi á gba ojú ìfọ́ wọlé, amọ̀ tó wà lábẹ́ kò sì ní jẹ́ kó jáde mọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá ń pọn ẹrẹ̀ sókè ni.

Ohun kejì wà nínú erùpẹ̀ fúnra rẹ̀. Òkúta àtayébáyé, irú bíi gneiss, pegmatite àti quartzite, ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ Òṣogbo àti àyíká rẹ̀. Òjò àti oòrùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ti fọ silica (èròjà tó pọ̀ nínú yanrìn) àti àwọn iyọ̀ inú rẹ̀ lọ. Irin àti alumíníọ̀mù ló ṣẹ́kù, irin yìí ló sì fún un láwọ̀ pupa. Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, Francis Buchanan, ló sọ erùpẹ̀ yìí ní laterite lọ́dún 1807 nílẹ̀ Íńdíà, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí bíríkì. Ẹni tó bá mọ yangí kò nílò àlàyé púpọ̀. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni bí ilẹ̀ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn: ilẹ̀ dúdú tí a fi ń dáko ló wà lókè; yangí olókùúta wẹ́wẹ́, tó dára jù fún ọ̀nà, ló tẹ̀ lé e; amọ̀ alábàwọ́n, tó pupa tó sì ní àbàwọ́n funfun àti yẹ́lò, ló wà lábẹ́ yangí; òkúta jíjẹrà ló wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ìpele yangí kì í nípọn púpọ̀. Mítà kan sí méjì ni ní ọ̀pọ̀ ibi. Bó bá tán nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa erùpẹ̀, pélódà kì í dúró. Ó ń lọ sísàlẹ̀, ó sì ń bu amọ̀ alábàwọ́n sínú típà. Àwọ̀ rẹ̀ ṣì pupa, owó rẹ̀ kò yí padà, orúkọ kan náà ni onítípà sì ń pè é. Irú rẹ̀ ló wà lójú ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n kí típà tó dà á sílẹ̀, kó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kó rin ín, kó sì fi ọwọ́ rà á: yangí tó dára máa ń ha ni lọ́wọ́, amọ̀ alábàwọ́n máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, ó sì ń fi funfun sílẹ̀ láàárín ìka.

Ìwọ̀n rẹ̀ ní làábù

46% erùpẹ̀ náà ló gba inú asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.075 mílímítà kọjá. LL rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n omi tí ojú ìlà tí a fà sínú erùpẹ̀ yóò fi pa dé lẹ́yìn ìlù 25 nínú àwo Casagrande, jẹ́ 44%. PL rẹ̀, ìwọ̀n omi tí a lè fi yí i bí okùn tó nípọn ní mílímítà 3 kó tó já, jẹ́ 24%. Àyọkúrò méjèèjì, PI, jẹ́ 20. CBR, èyí tí a fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe lè gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sí ní ìfiwéra pẹ̀lú òkúta fífọ́, jẹ́ 38% nígbà tí a kò tíì rẹ ẹ́ sómi. Lẹ́yìn tó wà nínú omi fún wákàtí 48, ó já wálẹ̀ sí 9%.

Nínú ìjá wálẹ̀ láti 38 sí 9 yẹn ni ìdí wà tí ọ̀nà náà fi ń dún bí pákó ní oṣù Kìíní tó sì di ẹrẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ fún títì àti afárá ti 1997 kò gbà ju 35% lọ láti inú asẹ́ 0.075 yẹn, LL kò gbọdọ̀ ju 35 lọ, PI kò gbọdọ̀ ju 12 lọ. CBR rírẹ gbọ́dọ̀ tó 30% fún ìpele tó wà nísàlẹ̀; fún èyí tó gbé ọ̀dà, CBR gbọ́dọ̀ tó 80%. Erùpẹ̀ yìí kò yege nínú ẹyọ kan. Síbẹ̀, kò burú débi tí a ó fi kó o dànù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ láìsí ẹni tó fura: bí wọ́n ṣe ń sá erùpẹ̀ àyẹ̀wò gbẹ. Nínú yangí, irin ti lẹ àwọn ẹ̀yà amọ̀ kéékèèké pọ̀. Bí a bá gbé e sínú ààrò làábù ní ìwọ̀n ooru 105, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra sí i, omi kò sì ní tú wọn ká mọ́. Erùpẹ̀ tí PI rẹ̀ jẹ́ 20 lè wá jáde bíi 14, ẹni tó gba ìwé èsì á sì rò pé òun ra ohun tó dára. Inú ibòòji ni kí a sá a sí, kó fi afẹ́fẹ́ gbẹ, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé èsì pé bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Ìdàkejì náà tún wà: bí a bá gún un jù nínú odó làábù, àwọn ẹ̀yà tí irin lẹ̀ á fọ́, amọ̀ á sì pọ̀ ju bó ṣe máa rí lójú ọ̀nà lọ.

Omi ni ẹ̀tẹ̀ tó wà níbẹ̀

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọ̀nà náà tẹ́ pẹrẹsẹ láti apá kan dé èkejì. Gọ́tà kan ṣoṣo tó ní wà lápá òsì, iyanrìn sì ti dí i. Nínú kòtò tó wà nísàlẹ̀, omi sun jáde ní sẹ̀ǹtímítà 60. Sìmẹ́ǹtì yòówù ká fi sí ibẹ̀, omi yóò máa rẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, a kò kan erùpẹ̀ ojú ọ̀nà títí tí a fi parí ti omi. A gbẹ́ gọ́tà sí apá méjèèjì, a sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìsàlẹ̀ ìpele tí a fẹ́ tún ṣe lọ ní sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán. Nítorí pé ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́ tó 4%, omi yóò sáré, yóò sì jẹ gọ́tà erùpẹ̀ wọ inú. Òkúta la tò sí ara rẹ̀, a fi sìmẹ́ǹtì àti yanrìn dí àárín wọn. Níbi ìṣàn, a gbé páìpù kọnkéré tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90 sí abẹ́ ọ̀nà, a sì fi yanrìn gbé ọ̀nà ga ní sẹ̀ǹtímítà 40 níbẹ̀, nítorí yanrìn kì í fa omi sókè bí amọ̀. Àárín ọ̀nà gbọ́dọ̀ ga ju etí rẹ̀ lọ ní 3%: lórí ààbọ̀ ọ̀nà tó jẹ́ mítà 3, ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9. Okùn àti pẹ́ẹ̀gì la fi ń wọ̀n ọ́n ní gbogbo mítà 10. Ojú nìkan kò tó o, pàápàá lórí ilẹ̀ tó bá ń dà gẹ̀rẹ́.

Iṣẹ́ omi yìí gba owó tó pọ̀. Àwọn onílé kan rò pé ìnáwó ni lórí ohun tí ọkọ̀ kò ní gùn. A kò gbà láti yọ ọ́.

Ohun tí a pò mọ́ ọn

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú wa. Ọ̀kan ni ká kó gbogbo rẹ̀ dànù, ká ra yangí tòótọ́: mítà kúbíìkì 378 ni yóò gbà, láti kòtò tó jìnnà, láìsí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé típà kẹwàá yóò jọ ti àkọ́kọ́. Èkejì ni láìmù, tó dára gan-an fún amọ̀ tí PI rẹ̀ bá kọjá 20, nítorí ó máa ń jẹ́ kí amọ̀ dì ṣùṣù kó sì gbẹ. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń pẹ́ kó tó jáde, èyí tó dára kò sì wọ́pọ̀ lọ́jà bíi sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀kẹta la mú: eruku òkúta láti kúárì, èyí tí àwọn onítípà ń pè ní sítóònù dọ́ọ̀sì, ká fi dín amọ̀ kù, lẹ́yìn náà, sìmẹ́ǹtì díẹ̀.

Ìdí tí a fi kọ́kọ́ lo eruku òkúta ni pé bí amọ̀ bá pọ̀, sìmẹ́ǹtì kì í rí i wọ̀. Ó ń bo ara kóbókóbó amọ̀ láti ìta, inú rẹ̀ á sì wà lásán. Bí 8% eruku òkúta bá ń gba inú asẹ́ 0.075, tí a sì po 30 rẹ̀ mọ́ 70 erùpẹ̀, ìwọ̀n tó ń gba inú asẹ́ á já wálẹ̀ láti 46% sí nǹkan bíi 34.6%. PI rẹ̀ bọ́ sí 15. Kò tíì tó 12, ṣùgbọ́n ó ti wà níbi tí sìmẹ́ǹtì ti lè parí iṣẹ́. A gún àdàlú náà ní ìwọ̀n tí a ń lò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: òòlù kílò 4.5 tó ń já láti sẹ̀ǹtímítà 45, ìpele márùn-ún, ìlù mẹ́wàá lórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Ìwúwo gbígbẹ rẹ̀ tó ga jù jẹ́ tọ́ọ̀nù 1.92 nínú mítà kúbíìkì kan, nígbà tí omi rẹ̀ jẹ́ 12%.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje, agbára rẹ̀, ìyẹn ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó lè gbà kó tó fọ́, tí a ń fi MPa wọ̀n, jẹ́ 1.3 MPa pẹ̀lú 3% sìmẹ́ǹtì, 1.9 pẹ̀lú 4%, 2.5 pẹ̀lú 5%. Ohun tí a ń wá fún ọ̀nà àdúgbò ni 1.5 sí 3. A mú 4%. Àwọn kan yóò béèrè ìdí tí a kò fi lo 6% kó lè dá wa lójú. Ìpele tí sìmẹ́ǹtì bá pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń sún kì bó bá ṣe ń gbẹ, ó sì ń là gbàrà-gbàrà. Ìlà náà á gòkè wá sójú ọ̀dà, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé. Kí a tó gbà á, a tún rẹ díẹ̀ nínú àwọn tí a gún sómi fún ọjọ́ méje lẹ́yìn ọjọ́ méje tí wọ́n fi gbé nínú nylon, a sì fi wọ́n wé àwọn tó lo ọjọ́ 14 láìfọwọ́ kan omi. Bí ó bá pàdánù ju ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ lọ, kò yege.

Wọ́n tún bi wá léèrè nípa eérú èèpo ìrẹsì, nítorí pé àwọn yunifásítì wa ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Silica inú rẹ̀ máa ń bá láìmù tó jáde lára sìmẹ́ǹtì ṣiṣẹ́ pọ̀, a sì lè fi rọ́pò díẹ̀ nínú sìmẹ́ǹtì. Àmọ́ èyí tó jóná dé eérú funfun ló wúlò; dúdú tí wọ́n ń kó jáde lẹ́yìn ilé ìlọ-ìrẹsì, èédú ló pọ̀ nínú rẹ̀. Fún 420 mítà, a kò rí èyí tó jọra láti àpò kan dé èkejì, nítorí náà a fi sílẹ̀.

Ìṣirò ohun èlò: mítà onígun 2,520 nígbà sẹ̀ǹtímítà 15 jẹ́ mítà kúbíìkì 378, tí ìwúwo gbígbẹ rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 726. Eruku òkúta jẹ́ tọ́ọ̀nù 218, ìyẹn tírípù mẹ́jọ típà tọ́ọ̀nù 30. Tọ́ọ̀nù 508 tó kù ti wà nílẹ̀. Bí eyín gíréda bá tú ojú ọ̀nà àtijọ́ dé sẹ̀ǹtímítà 11 àbọ̀, ó pé. A kò ra erùpẹ̀ kankan. Sìmẹ́ǹtì jẹ́ tọ́ọ̀nù 29, àpò 581.

Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan

A pín ọ̀nà sí abala méje, mítà 60 lọ́kọ̀ọ̀kan, abala kan lójúmọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, gíréda á ti tú ilẹ̀, wọ́n á ti fọ́ èèpo àtijọ́, wọ́n á sì ti tẹ́ eruku òkúta tó nípọn bíi sẹ̀ǹtímítà 5 àbọ̀ sórí rẹ̀. Bí a bá yọ òkúta sẹ́yìn, 80% erùpẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gba inú asẹ́ mílímítà 5 kọjá kí a tó ṣí àpò kankan. Kóbókóbó tó bá tóbi ju ìyẹn lọ yóò gbẹ̀yìn di ojú rírọ̀ nínú ìpele líle.

Àpò kan gbọ́dọ̀ bo mítà onígun 4.34. A fi ẹfun sàmì sílẹ̀: àpò mẹ́ta ní ìbú ọ̀nà, ìlà kan sí èkejì jẹ́ mítà 2.17. A to àpò sórí àmì kí a tó ya ẹyọ kan, kí ojú lè rí ibi tó ṣófo. Nǹkan bí àpò 83 ni fún abala kan. Wọ́n ya wọ́n, wọ́n fi rékì tẹ́ ẹ títí tí gbogbo ojú ilẹ̀ fi ní àwọ̀ kan náà.

Tírákítọ̀ oníṣẹ́ oko tó ní rotavator (abẹ́ tó ń yí, tó ń tú ilẹ̀ tó sì ń pò ó) ló pò ó, láti òkè dé sẹ̀ǹtímítà 20 lójú ilẹ̀ tó tú. Irinṣẹ́ yìí ni ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín iṣẹ́ yìí àti ti àkọ́kọ́. Ìgbà méjì ló pò ó ní gbígbẹ, ẹ̀rọ tánkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n omi. Erùpẹ̀ ti ní 6% omi nínú tẹ́lẹ̀. 6% ló kù kó tó 12, a sì fi 1% lé e nítorí ọyẹ́ tó ń gbẹ nǹkan. Fún abala kan, ìyẹn jẹ́ lítà 7,260, tánkà kan tó gba 10,000 sì kájú rẹ̀.

Kí rólà tó gùn ún, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bu ẹ̀kúnwọ́, kó fún un mọ́wọ́ dáadáa. Bó bá dì mọ́ra, tó fi àtàǹpàkò méjèèjì ṣẹ́ ẹ tó sì pín sí méjì gééré láìtú, omi rẹ̀ tó. Bó bá tú bí gàrí, omi kù. Bó bá fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́, omi ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí tírákítọ̀ tún pò ó kí oòrùn fà á.

Aago wákàtí méjì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí sìmẹ́ǹtì bá ti kan erùpẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí tánkà dé, nítorí 6% omi tó ti wà nínú erùpẹ̀ ti tó láti jí sìmẹ́ǹtì. Rólà ẹlẹ́sẹ̀ àgùntàn ló kọ́kọ́ gùn ún, láti etí wá sí àárín. Lẹ́yìn náà rólà olójú dídán tọ́ọ̀nù 10, ìgbà mẹ́jọ. Gíréda á wá fá ojú rẹ̀ dọ́gba. Ó gbọ́dọ̀ máa gé ibi tó ga ni. Kò gbọdọ̀ bu àdàlú sí ibi tó rẹlẹ̀. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a bá lẹ̀ mọ́ ojú tí rólà ti tẹ̀ kì í di ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀, yóò sì ṣí bí èèpo àkàrà ti àkọ́kọ́. Nítorí èyí, ó sàn kí ilẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà kan ju kó rẹlẹ̀ ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ.

Ní òpin abala, a fi ṣọ́bìrì gé etí rẹ̀ tọ́ọ́rọ́ bí ògiri, ká tó so ti ọjọ́ kejì mọ́ ọn.

Abala karùn-ún

Abala mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ geere: kòtò kékeré tí a gbẹ́, tí a fi yanrìn wọn bó ṣe gbà sí, fi hàn pé ìwúwo gbígbẹ wà láàárín 1.92 àti 1.95. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n ti ya àpò, tírákítọ̀ ti pò ó ní aago mẹ́jọ àbọ̀, tánkà kò sì dé. Ó dé ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 15. Rólà parí ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, ó ti ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 1.79, ìyẹn 93% ohun tí a fẹ́.

Kí rólà tún gùn ún sí i ló kọ́kọ́ wá sí gbogbo ènìyàn lọ́kàn. Kò ràn án lọ́wọ́. Sìmẹ́ǹtì ti so erùpẹ̀ di ṣùṣù-ṣùṣù tí kò fẹ́ wọ inú ara wọn mọ́, rólà tó bá sì tún gùn ún, ìdè tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ń já. Ilẹ̀ á pàdánù ìwúwo, á tún pàdánù agbára. Ní òwúrọ̀ kejì, a tú mítà 60 náà ká, a fọ́ ọ wẹ́wẹ́, a sì fi àpò 83 tuntun sí i. Àpò 581 di 664. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ya àpò kan kí tánkà tó kún dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ọjọ́ méje lábẹ́ nylon

Wíwọ́n omi lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ tó nígbà òjò. Lásìkò ọyẹ́, kò tó. Láàárín wíwọ́n kan sí èkejì, afẹ́fẹ́ á ti gbẹ ojú ilẹ̀. Gbígbẹ àti rírẹ tó ń tẹ̀ lé ara wọn yẹn ló sì ń là á. Nylon dúdú la tẹ́ bò ó láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, a fi yanrìn tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀kadà ni ìṣòro tó kù. Igi ìdènà ní orí méjèèjì kò dá wọn dúró, àyàfi ìgbà tí ẹgbẹ́ fi ọdẹ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a tún gbẹ́ ihò kékeré, a wọ́n omi phenolphthalein sára rẹ̀. Elésè àlùkò gba gbogbo sẹ̀ǹtímítà 15, láìsí ìlà níbì kankan. Mílímítà 2 péré lókè ni kò yí àwọ̀ padà, nítorí afẹ́fẹ́ ti bá sìmẹ́ǹtì ojú ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì líle la fi gbá a kúrò.

A kò fi ìpele náà sílẹ̀ ní ìhòòhò, nítorí táyà yóò máa ha á. Ọ̀dà ṣíṣàn tó jẹ́ nǹkan bíi lítà kan lórí mítà onígun kọ̀ọ̀kan ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dà àti òkúta wẹ́wẹ́ mílímítà 14, ọ̀dà àti òkúta mílímítà 6 lé e.

Lẹ́yìn òjò oṣù Kẹfà, a gbé igi rúlà mítà méjì sórí ipa táyà. Ibi tó jìn jù lọ jẹ́ mílímítà 4. Ìlà tín-ín-rín díẹ̀ là gba ìbú ọ̀nà kọjá, kò sí èyí tó fẹ̀ tó mílímítà kan. A ní kí wọ́n da ọ̀dà gbígbóná sí èyí tó bá fẹ̀ ju mílímítà 3 lọ.

Ibì kan ṣoṣo ló bàjẹ́. Páìpù tó ń gbé omi òrùlé ilé kan wá ń da omi sí etí ọ̀nà gan-an, ó sì ti jẹ ẹ́ wọ inú ní sẹ̀ǹtímítà 40, gígùn rẹ̀ jẹ́ 60. Onílé náà so páìpù mítà mẹ́ta mọ́ ọn dé inú gọ́tà. A gé ibẹ̀ ní igun mẹ́rin, a gbẹ́ ẹ dé sẹ̀ǹtímítà 15, a po erùpẹ̀ àti eruku òkúta ní 70 sí 30, a sì gún un ní ìpele mẹ́ta. Kílò 2.8 sìmẹ́ǹtì ló gbà.